Òkè Òkun Tí A Lọ Kò Kọjá Àgídìngbì

Aago mẹ́fà ààbọ̀ òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀ ni ọkùnrin oníwáyà wá kanlẹ̀kùn wa ní Agége. Aago mẹ́wàá ọjọ́ náà gan-an ni gbogbo ìjọ ń bọ̀ wá sìn wá lọ sí òkè òkun.

Àǹtí mi, Ọmọ́bọ́láńlé, ló gba wáyà náà. Ó kà á, ó tún un kà, ó wá rọra jókòó lé orí àpótí aṣọ tí a ti dì sílẹ̀.

"Bísọ́lá," ó ní, "wọ́n ní ká má wá mọ́."

"Àwọn ta?"

"Àwọn òyìnbó. Ikọ́ líle ń jà láàárín àwọn ọmọ òrukàn wọn. Wọ́n ti ti ilé pa. Wọ́n ní ká dúró títí àwọn á fi tún ránṣẹ́."

Mo wo Àǹtí, Àǹtí wò mí. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìtàn yìí, bí ẹ bá ti fi ẹnu ara yín sọ fún gbogbo àdúgbò rí pé ẹ̀ ń lọ sí ibì kan, ẹ ó mọ irú ìwò tí a wo ara wa.

Ẹ jẹ́ kí n yára sọ bó ṣe jẹ́. Àbúrò bàbá mi ni Àǹtí, òun ló tọ́ mi dàgbà. Ó ti bá àwọn agbẹ̀bí ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́wàá. Èmi, aránṣọ ni mí. Lọ́dún 1957 ni ilé ọmọ òrukàn kan nílùú òyìnbó kọ̀wé sí ìjọ wa pé àwọn ń wá obìnrin kan tó lè wá fi oṣù mẹ́fà bá àwọn tọ́jú ọmọ láìgba owó oṣù. Wọ́n ní kí ó mú ẹnì kan nínú ẹbí rẹ̀ dání, kí àárò ilé má bàa pa á. Àwọn ni yóò san owó ọkọ̀. Ìjọ yan Àǹtí. Àǹtí yan èmi.

Ohun tó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà ká mi lára tó bẹ́ẹ̀ ni Fọlárìn. Fọlárìn ló ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ní ìdíkọ̀ rélùwéè Agége, ó sì fẹ́ fẹ́ mi. Ìyá rẹ̀ ni kò fẹ́. Olóbì ńlá ni Màmá, obì gbànja rẹ̀ ń wọ rélùwéè lọ sí Kánò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ojú mi kòrókòró ló ti sọ ọ́ pé, "Aránṣọ pọ̀ ní Agége bí ẹ̀fọn. Ọmọ mi ò ní fẹ́ ẹ̀fọn."

Ṣùgbọ́n ọjọ́ tó gbọ́ pé mò ń lọ sí òkè òkun, ó pè mí ní "ìyàwó mi." Ó ní bí mo bá ti ń sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ni ẹbí òun á ti wá tọrọ mi. Nítorí náà, bí n kò bá lọ, ẹ̀fọn ni mo tún padà dà yẹn.

Àǹtí mí kanlẹ̀. "Kò sí nǹkan tó le níbẹ̀. Bí wọ́n bá dé, a ó ka wáyà yìí sí wọn létí."

Ibẹ̀ ni èṣù ti gbà mí lẹ́nu sọ̀rọ̀.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́. Ọ̀sẹ̀ méjì ni ọkọ̀ máa lò lórí omi, àbí? Bí a bá kọ̀wé níbẹ̀, ọ̀sẹ̀ méjì ni lẹ́tà náà máa fi bọ̀. Oṣù kan gbáko nìyẹn tí ẹnikẹ́ni ò ní retí ọ̀rọ̀ wa. Kó tó pé oṣù kan, ikọ́ á ti lọ, wọ́n á ti ránṣẹ́ pè wá, a ó wọ ọkọ̀ tó bá kàn. Ta ló máa mọ̀?"

"Ìwọ ọmọ yìí, níbo la máa gbé oṣù kan ọ̀hún sí? Inú àpótí?"

"Ẹ̀yin lẹ gbẹ̀bí ọmọ Àrínọlá ní Àgídìngbì. Ó ní bí ẹ bá nílò nǹkan láyé yìí, kí ẹ wá."

Àǹtí ká wáyà náà sí wẹ́wẹ́, ó fi í sínú Bíbélì. Ó ní, "Olúwa, dárí jì wá," ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í di okùn àpótí.

Ẹ má gbàgbé àpótí yìí. Ogójì aṣọ ọmọdé ló wà nínú rẹ̀. Àwọn ìyá ìjọ ló gé nínú aṣọ ara wọn fún àwọn ọmọ òrukàn, kálukú ti gé tirẹ̀, èmi ni mo rán an. Màmá Fọlárìn ò gé àǹkárá bí àwọn yòókù. Àrán pupa tó fi ṣe ìyàwó ló tẹ́ sílẹ̀, ó fi àlùmọ́gàjí gé e láàárín méjì. "Rán an fún ọmọ tó kéré jù," ó ní. "Kí àwọn òyìnbó mọ̀ pé kì í ṣe ìyà ló ń jẹ wá níbí."

Aago mẹ́wàá lù, wọ́n dé. Wọ́n kọrin, wọ́n gbàdúrà, wọ́n gbé àpótí wa lérí dé ìdíkọ̀ rélùwéè. Ìṣòro tó kù ni pé àwọn ìyá ìjọ ti múra láti bá wa dé etí omi ní Èkó. Wọ́n tiẹ̀ ti ra àkàrà tí wọ́n máa jẹ lọ́nà.

Àǹtí kì í ṣe òpùrọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ìṣòro bá ká mọ́ ẹsẹ̀ rélùwéè, kíá ló ń kọ́ṣẹ́.

"Ẹ̀yin ìyá," ó ní, "ẹ jọ̀ọ́, ibí yìí la ti máa dágbére. Ní ìdílé tiwa, a kì í sin arìnrìn-àjò dé etí òkun. Òkun á máa kà yín mọ́ èrò ọkọ̀."

Àlùfáà wúkọ́. "Èèwọ̀ kẹ̀, Ìyá? Onígbàgbọ́ ni wá o."

"Ẹ má bínú, Bàbá. Òfin àwọn ọlọ́kọ̀ náà ni. Wọ́n ní ariwo ò gbọ́dọ̀ pọ̀ létí omi."

"Èwo nínú méjèèjì?" ni Màmá Fọlárìn bi í.

"Méjèèjì ni, Màmá. Ọjọ́ kan náà ni wọ́n bọ́ sí."

Fọlárìn jáde nínú yàrá tíkẹ́ẹ̀tì wá fún wa ní tíkẹ́ẹ̀tì Ìddó. Ó fẹ́ sọ̀rọ̀, ojú èrò kò jẹ́ kó lè sọ ọ́ tán.

"Bí òtútù bá mú ọ..." ó ní.

"Kò ní mú mi," mo dá a lóhùn. Òótọ́ kan ṣoṣo tí mo sọ lọ́jọ́ yẹn nìyẹn.

Rélùwéè fọn fèrè. Wọ́n ń ju gèlè sókè, wọ́n ń sunkún, Màmá ń pariwo pé, "Ìyàwó mi, máa jẹun o! Má jẹ́ kí wọ́n fi tíì pa ọ́ níkùn!" Bẹ́ẹ̀ la lọ.

Ẹni tó bá mọ ọ̀nà rélùwéè yẹn mọ̀ pé bí èèyàn bá kúrò ní Agége, Ìkẹjà ló kàn. Ibẹ̀ la sọ̀ sí. Àwọn tó ń sunkún fún wa kò tíì nu ojú tán nígbà tí a gúnlẹ̀ sí òkè òkun.

A gba ẹ̀yìn ibi tí àwọn katakata ti ń tú igbó fún ilé iṣẹ́ tuntun, a jọ gbé àpótí náà lọ́wọ́ lọ́wọ́, mo di etí kan mú, Àǹtí di ìkejì. Nígbà tí a dé Àgídìngbì, erùpẹ̀ pupa ti bò wá débi pé Àrínọlá kò kọ́kọ́ dá wa mọ̀.

Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni Àrínọlá àti ọkọ rẹ̀ Kàsúmù, oko obì ni wọ́n ń dá. Àǹtí ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún un, kò fi nǹkan kan bò. Àrínọlá rẹ́rìn-ín títí ó fi fi ẹ̀yìn ti ògiri.

"Ẹ káàbọ̀ sí Lọ́ńdọ́ọ̀nù," ó ní. "Ẹ wọlé, ẹ wá jẹ ẹ̀bà òyìnbó."

"Ìyá Àdùkẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni," ni mo bẹ Àrínọlá.

"Ta ni mo fẹ́ sọ fún? Igi obì? Ohun kan ṣoṣo ni mo mọ̀: Màmá Fọlárìn yín yẹn, ọ̀dọ̀ wa ló ti ń ra obì."

Mo ti yíjú sí ojú ọ̀nà.

"Má mikàn. Kì í wá fúnra rẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, Suara, ló ń rán, ọjọ́ Ìṣẹ́gun nìkan ni Suara sì ń wá. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ẹ̀yin ẹ máa wà lóko."

Bẹ́ẹ̀ la ṣe é. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, a wà nínú igbó obì láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, ẹ̀fọn ń fi wá ṣàríyá. Ọjọ́ tó kù, mo ń bá wọn bó obì, Àǹtí ń bá àwọn aboyún abúlé wo ara wọn. Bí a bá fi mọ bẹ́ẹ̀, bóyá ẹ̀ṣẹ̀ mi ì bá mọ níwọ̀n. Ṣùgbọ́n àpótí wà níbẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, mo ṣí i láti sá aṣọ inú rẹ̀ sóòrùn kí ọ̀rinrin má bàa bà á jẹ́. Aládùúgbò Àrínọlá kan kọjá, ó dúró, ó gbé ọ̀kan yẹ̀ wò.

"Ta ló rán èyí?"

"Èmi ni."

"Ìwọ yìí? Ọwọ́ rẹ dáa o. Mo ní àkùkọ kan nílé."

Mo ní kì í ṣe títà. Ó ní òun náà ò sọ pé òun fẹ́ rà á, òun kàn ń sọ pé òun ní àkùkọ ni. Ó lọ. Gbogbo ọ̀sán ọjọ́ náà ni mo ń gbọ́ ohùn àkùkọ ọ̀hún lókèèrè. Ẹ sì wò ó, ọ̀sẹ̀ kan ni a ti ń jẹ oúnjẹ Àrínọlá láìfi nǹkan kan síbẹ̀. Ojú ń tì mí. Mo sọ fún ara mi pé ọ̀kan péré ni, pé kí a tó wọ ọkọ̀ n ó ti rán òmíràn dípò rẹ̀. Aṣọ wo ni n ó fi rán an, n kò bi ara mi.

Nígbà tí Àǹtí rí àkùkọ nínú ọbẹ̀, ó bi mí níbi tó ti wá. Mo sọ fún un.

"Háà! Bísọ́lá! Aṣọ ọmọ òrukàn?"

"Àǹtí, ẹ fi ẹran sílẹ̀ bí ẹ ò bá fẹ́."

"Ta ló sọ pé mi ò fẹ́? Wọ́n ti pa á ná. Ṣùgbọ́n má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́ o." Ó ń fa eegun mu bó ṣe ń bá mi wí. "Ìwà burúkú gbáà ni. Itan kejì dà?"

Bí ó ṣe ń lọ nìyẹn. Ìròyìn aṣọ dé abúlé Ọgbà, ó dé gbogbo abà tó wà láàárín. Wọ́n ń gbé iṣu wá, wọ́n ń gbé ẹyin wá, ẹnì kan gbé ẹja yíyan wá odidi agbọ̀n kan. Ojoojúmọ́ ni Àǹtí ń bá mi wí, ojoojúmọ́ náà ló ń sanra. Ọ̀kan tí mo búra pé n kò ní fọwọ́ kàn ni àrán Màmá Fọlárìn. Ìsàlẹ̀ pátápátá ni mo fi í sí.

Ọ̀sẹ̀ kẹta ni àbúrò Àrínọlá fẹ́ gbéyàwó. Àrínọlá wá bá mi, ó mú ọmọ rẹ̀ Àdùkẹ́ dání, ọmọ ọdún mẹ́rin.

"Àdùkẹ́ ní òun rí aṣọ pupa kan nísàlẹ̀ àpótí."

"Ìyá Àdùkẹ́, ìyẹn kọ́. Ẹ bèèrè òmíràn."

"N kò bèèrè nǹkan kan. Mo kàn fẹ́ kí o wo ẹ̀yìnkùlé."

Mo wò ó. Tòlótòló kan ló dúró níbẹ̀, ó ṣe ìrù bí abẹ̀bẹ̀, ó ń yan bí ọba. Àǹtí náà yọjú. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni Àǹtí jẹ tòlótòló rí láyé, lọ́jọ́ Kérésìmesì kan nílé dókítà òyìnbó, kò sì tíì yé sọ ọ́.

Mo retí kó bá mi wí. Ṣe ló ń wo tòlótòló náà bí ẹni tó rí ará ilé rẹ̀ nílẹ̀ àjèjì.

"Bísọ́lá," ó ní nígbẹ̀yìn, "ṣé o rò pé ó máa gba ọmọ náà lára?"

Ó gbà á lára. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ìgbéyàwó, a sì bá wọn dé ibẹ̀, nítorí Suara kò wá. Kàsúmù ní àwọn oníkatakata ti gba Suara síṣẹ́. Inú mi dùn. Mo ní ìṣòro wa tán. N kò bi ara mi ta ni yóò wá ra obì báyìí tí Suara kò sí mọ́.

Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ náà, mo jókòó nínú àká obì mò ń bá Kàsúmù ṣa obì. Ohùn kan ta láti ojú ọ̀nà:

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá Àdùkẹ́! Èmi fúnra mi ni mo wá lónìí o!"

Bí mo bá sùn tí mo jí, n ó dá ohùn yẹn mọ̀. Ilẹ̀kùn kan ṣoṣo ni àká náà ní, Màmá Fọlárìn sì ti ń gba ibẹ̀ bọ̀. Òkìtì obì kan wà lẹ́bàá ògiri tí a fi ewé bò. Mo fò sábẹ́ ewé. Kàsúmù yára ju obì mélòó kan lé mi lórí.

Ẹ̀yin tí ẹ kò ṣòwò obì rí, ẹ jẹ́ kí n wí nǹkan kan fún yín. Olóbì tó mọṣẹ́ kì í fi ojú ra obì. Ọwọ́ ló fi ń rà á. Á ti ọwọ́ bọ abẹ́ ewé títí dé ìgbọ̀nwọ́, nítorí ìsàlẹ̀ ni àwọn àgbẹ̀ ń kó èyí tí kòkòrò ti mú sí. Bí abẹ́ òkìtì bá gbóná, obì ti ń bàjẹ́ nìyẹn.

"Èyí ńkọ́?" mo gbọ́ ohùn Màmá lókè orí mi.

"Tiyín kọ́ nìyẹn, Màmá. Òkìtì ọ̀hún ni mo tọ́jú fún yín."

"Kí ló ṣe èyí?"

"Ó... ó ṣì ń sinmi."

"Obì ń sinmi? Iṣẹ́ wo ló ṣe?"

Ọwọ́ rẹ̀ wọlé. Ó gba ẹ̀gbẹ́ etí mi kọjá, ó bà lé mi lọ́rùn.

"Yéè! Bàbá Àdùkẹ́! Obì yín ti gbóná bí iná!"

"Ooru ni, Màmá."

"Ó tún ti ń làágùn!"

"Ẹ jẹ́ ká wo òkìtì ọ̀hún, Màmá, ẹ jọ̀ọ́."

Ó yọ ọwọ́. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń kúrò lọ́dọ̀ mi. Mo ti ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, nígbà tí ẹsẹ̀ wẹ́wẹ́ kan sáré wọlé. Àdùkẹ́ ni. Láti ọjọ́ ìgbéyàwó ni kò ti gbà kí wọ́n bọ́ àrán náà kúrò lọ́rùn òun.

Lábẹ́ ewé tí mo wà, mo gbọ́ tí ẹsẹ̀ Màmá dúró.

"Ọmọ dáadáa, wá níbí," ni Màmá wí, ohùn rẹ̀ tutù. "Ta ló rán aṣọ yìí fún ọ?"

"Àǹtí Bísọ́lá ni."

"Bísọ́lá wo?"

"Èyí tó ń lọ sí ìlú òyìnbó."

"Ó dáa. Níbo ló wà báyìí?"

"Ó wà lábẹ́ obì yẹn. Ó ti ní tí àlejò bá wá, ká má sọ."

Màmá kò pariwo. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí ewé, lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tó ń ṣí ọ̀lẹ̀lẹ̀ tó gbóná. Nígbà tó kan ojú mi, a wo ara wa. Kò sí ọ̀rọ̀ tó wá sí mi lẹ́nu ju èyí tí wọ́n kọ́ wa láti kékeré pé kí arìnrìn-àjò fi kí ẹni tó bá nílé.

"Ẹ kú ilé, Màmá."

"Kú àbọ̀," ó dáhùn. "Ṣé àláfíà ni àwọn òyìnbó wà?"

Ìgbà yẹn ni Àǹtí gba ẹnu ọ̀nà wọlé láti wá bi mí bóyá iyọ̀ wà nílé. Egungun itan tòlótòló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó rí Màmá. Ó fi egungun pamọ́ sẹ́yìn.

"Ọkọ̀ wa ló rì, Màmá!" ó ké.

"Ó rì? Sí ibo?"

"Sínú òkun."

"Ìgbì wá gbé yín dé Àgídìngbì. Ìgbì yẹn mọ̀nà o. Ó tún fún yín ní ẹran."

Ó ní kí a gbé àpótí wá. Mọ́kànlá ni aṣọ tó kù nínú rẹ̀.

"Mọ́kàndínlọ́gbọ̀n yòókù dà?"

Àǹtí wo ilẹ̀. Èmi wo Àǹtí. Àwọn adìẹ àdúgbò tó kù ń ké lẹ́yìnkùlé.

"Ẹ ti jẹ wọ́n," ni Màmá wí. "Ẹ jẹ aṣọ ọmọ aláìníyàá, ẹ sì jẹ àrán mi." Ohùn rẹ̀ gbọ̀n díẹ̀ nígbà tó dárúkọ àrán. Nínú gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀, ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ mọ̀ pé ohun tí mo ṣe kì í ṣe ẹ̀fẹ̀. "Ẹ gbé àpótí. À ń lọ."

Mo ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, kí ni ẹ máa sọ fún Fọlárìn?"

"Èmi? Èmi ò ní sọ nǹkan kan. Ìwọ ni."

A wọ rélùwéè láti Ìkẹjà. Nígbà tí a dé Agége, èrò tò síwájú fèrèsé tíkẹ́ẹ̀tì. Màmá ní kí n tò. Mo tò sẹ́yìn wọn bí oníbàárà, títí ó fi kàn mí.

Fọlárìn gbójú sókè. Ayọ̀ kọ́kọ́ bo ojú rẹ̀, ẹ̀rù wá tẹ̀lé e.

"Bísọ́lá! Kí ló ṣẹlẹ̀? Ṣé ara yín le? Ọkọ̀ ńkọ́?"

Mo sọ ọ́ fún un. Mo bẹ̀rẹ̀ láti orí wáyà, mo sọ ọ́ dé orí tòlótòló, n kò fi nǹkan kan pamọ́. Àwọn tó wà lẹ́yìn mi sún mọ́ mi kí wọ́n lè gbọ́ dáadáa.

"Àgídìngbì," ó ní.

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Láti ọjọ́ yẹn?"

"Láti ọjọ́ yẹn."

"Òjò ńlá kan rọ̀ lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀lé ọjọ́ tí ẹ lọ. Ìjì jà. Mo kúnlẹ̀, mo ń bẹ Ọlọ́run kó bá mi mú ọkọ̀ yín dúró lórí omi."

Ìjì yẹn, inú ilé Àrínọlá la wà, à ń yan àgbàdo.

Fọlárìn fa ìwé tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sọ́dọ̀, ó wo ẹ̀yìn mi.

"Ẹni tó kàn," ó ní.

Lọ́jọ́ Àìkú, Àlùfáà pè wá síwájú ìjọ. Wọn kò lé wa, ṣùgbọ́n ì bá tẹ́ mi lọ́rùn kí wọ́n lé wa. Àwọn ìyá dìde lọ́kọ̀ọ̀kan láti béèrè aṣọ wọn.

"Àǹkárá aláwọ̀ ewé tèmi ńkọ́?"

"Iṣu ni, Ìyá. Márùn-ún."

"Tèmi tó ní ẹyẹ lára?"

"Àkùkọ ni, Ìyá."

Ìyá náà rò ó wò. "Ó tiẹ̀ sàn, àkùkọ ni," ó ní, ó sì jókòó.

Ìdájọ́ wọn ni pé kí n gé aṣọ tèmi, èyí tí mò ń wọ̀, kí n fi rán mọ́kàndínlọ́gbọ̀n mìíràn. Mo gbà. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá rìn fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a. Tèmi kò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ, ó sì ti tó láti tú àpótí aṣọ mi ká.

Mo ń rán aṣọ kọkànlá lọ́wọ́ nígbà tí wáyà kejì dé. Ikọ́ ti lọ, kí Àǹtí máa bọ̀, òun àti ẹnì kan nínú ẹbí rẹ̀. Ìjọ tún pé jọ. Kò sẹ́ni tó dárúkọ mi.

Màmá Fọlárìn ló dìde. "Ẹni tó jẹ aṣọ ọmọ òrukàn kò lè lọ tọ́ ọmọ òrukàn. Èmi ni mò ń bá a lọ. Mo fẹ́ fi ojú ara mi rí aṣọ wọ̀nyẹn lọ́rùn àwọn ọmọ náà."

Àlùfáà ní, "Màmá, ẹbí ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ẹ kì í ṣe ẹbí rẹ̀."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Ṣebí ọmọ mi ló ń fẹ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀? Àna ni wá. Àbí àna kì í ṣe ẹbí?"

Gbogbo ojú yí sí Fọlárìn. Èmi nìkan ni n kò lè wò ó.

"Màmá," ó ní, "èmi ò tíì sọ pé mo ṣì ń fẹ́ ẹ o."

"Mo gbọ́. Pa ẹnu rẹ dé títí ọkọ̀ mi á fi gbéra."

Ìjọ bú sẹ́rìn-ín. Fọlárìn fúnra rẹ̀ fi ọwọ́ bo ẹnu.

Wọ́n yí orúkọ padà nínú ìwé, wọ́n sì lọ. Lọ́tẹ̀ yìí, gbogbo wa sìn wọ́n dé etí omi, mo rí ọkọ̀ náà pẹ̀lú ojú mi kí n tó padà sílé. Ogójì aṣọ ló wà nínú àpótí.

Bí nǹkan ṣe wà nìyí báyìí. Màmá àti Àǹtí ti lo oṣù mẹ́rin nílùú òyìnbó, ó ku méjì. Wọ́n kọ̀wé pé ara àwọn ọmọ ti yá, aṣọ sì bá wọn mu. Èmi ni mò ń mójú tó obì Màmá, mo máa ń lọ rà á ní Àgídìngbì lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Fọlárìn ń kí mi, mo sì ń kí i. Kò tíì dá ọjọ́ ìgbéyàwó, kò sì tíì ní òun ò fẹ́ mi mọ́.